Ìyá Wa Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà ní Guatemálà

Àbúrò mi, má tíì pa fóònù, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Mo ti ilé-ìwé tí mo ti ń bá wọn fọ abọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ dé, apá ń ro mí, mo wọ ilé ìdáná Róósà, obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Guatemálà níbí. Kí n gbójú sókè, ìyá wa olóògbé ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù iṣu lórí wọn. O sáà mọ̀ wọ́n, wọn kì í jókòó nílé onílé àfi bí onílé bá ní kí wọ́n jókòó. Èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ bá wọn sọ fún Róósà lédè Sípáníìṣì pé kó ní kí wọ́n jókòó.

Ọ̀rọ̀ ò gba ẹnu mi jáde. Ńṣe ni mò ń bu ìyẹ̀fun àgbàdo pípò, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a títí yóò fi rí pẹlẹbẹ, mò ń yan án lórí iná, ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá yan sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì kan. Mo yan "jọ̀ọ́," ó jóná. Mo tún un gbá.

"Àkànkẹ́, ṣé wọ́n ti gba ẹnu lọ́wọ́ ẹ níbí ni? Ọrùn ń dùn mí o!"

"Ẹ ní sùúrù, Màámi, ó ń jinná lọ́wọ́."

Mo gbé odidi gbólóhùn náà fún Róósà, ó ṣì ń rú èéfín. Ó fi ata sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu.

"Ó dùn," ló wí. "Ṣe sí i."

Mo tún bu ìyẹ̀fun. Màámi ò tíì jókòó tí mo fi jí.