Ojú Ìyá Ìyàwó

Ìgbóná ló fi àpá sí Mùínátù lójú nígbà tó wà lọ́mọdé ní Odogbolu. Ihò kéékèèké kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ojú yẹn ló fi lọ sílé ìwé, òun ló fi fẹ́ ọkọ, òun ló sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ aláakọ́bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi ń hewú. Kò yọ ọ́ lẹ́nu rí. Mardiyah, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, ló yọ lẹ́nu.

Mardiyah fẹ́ fẹ́ Abdulbasit, ọmọ oníṣòwò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fi àwòrán hàn án lórí fóònù: ojú obìnrin kan tó rí gbágungbàgun, àti ojú kan náà tó ti wá ń dán.

"Màámi, abẹ́rẹ́ tíntìntín ni wọ́n fi ń gún un. Tó bá jinná, awọ tuntun ló máa yọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kí ọjọ́ nìkáà tó pé."

"Ṣé ojú mi ò dáa ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ̀ pé fọ́tò máa pọ̀ lọ́jọ́ náà."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mùínátù, ṣùgbọ́n kí ni ìyá ò ní ṣe nítorí ọmọ? Wọ́n jọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú awọ ara ní Ìjẹ̀bú-Òde. Jessica, ọ̀dọ́bìnrin tó ni ibẹ̀, fi ìpara pa á lójú títí ojú fi kú tipiri. Mùínátù sọ fún un pé nígbà tí wọ́n lu etí òun, ojú ibẹ̀ wú, ó di kókó, kò sì lọ mọ́.

"Etí nìyẹn, Mà. Abẹ́rẹ́ tiwa ò tó nǹkan."

Ó gbé ẹ̀rọ kan tó dà bíi bírò, ó ń wọ́ ọ kiri ojú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń sun bí òógùn. Mardiyah di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ojú náà pọ́n, ó bó, awọ tó yọ ń dán, inú wọn dùn, wọ́n sì tún padà lọ gún un lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ibi tó jẹ́ ihò tẹ́lẹ̀ wá ń hù sókè, ó le, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi dà bí ẹni pé àbẹ́là yọ́ dà sí i.

"Irú awọ tiyín kì í fẹ́ ọgbẹ́, Mà," ni dókítà wí ní ọsibítù. "Abẹ́rẹ́ ò yẹ kó kàn án rárá. A lè rọ̀ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́."

Mardiyah bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, bí Mardiyah bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ara ògiri ló máa ń wò. Nígbà tí ìgbéyàwó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó mú níkàbù dúdú kan wá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lò ó lọ́jọ́ náà."

Mùínátù kò bojú rí láyé rẹ̀. Ó gbà á.

Lẹ́yìn tí àwọn àáfà ṣàdúà tán, onífọ́tò ń to àwọn ẹbí. Ó nàka sí obìnrin tó bojú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá ìyàwó la fẹ́ níbẹ̀."

Mùínátù wo ọmọ rẹ̀. Mardiyah gbọ́. Ojú wọn ṣe mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni ọmọ tẹ orí ba. Mùínátù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ràmọ́tà, àbúrò Mùínátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ tí kò mọ ohun tó ń lọ, ni onífọ́tò fà sí àyè náà bí ìyá ìyàwó, ó sì yà wọ́n.

Nígbà tó yá, Mardiyah àti ọkọ rẹ̀ wá sí Odogbolu. Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀.

"Màámi, ẹ foríjì mí. Ojú ló tì mí."

"Mo ti foríjì ọ́."

"Ẹ ṣí níkàbù yìí, ẹ jẹ́ kí n rí yín."

"Rárá, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Mùínátù ò ti ṣí ojú fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ó fún wọn lómi mu, ó ṣàdúà fún wọn, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sí pálọ̀ lóun nìkan, níkàbù lójú.