Ọmọ Ẹ̀bá Afárá

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Onóra fi kọ́ ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe sẹ́ ẹ. Ẹ ní ìyá wo ló ń kọ́ ọmọ nírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ ná. Ẹni tí kò sí ní Kilcorra, ìlú wa, lọ́dún kejì tí ọ̀dùnkún, oúnjẹ kan ṣoṣo tí a ní, jẹrà mọ́lẹ̀, kó yáa pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ti ọdún yẹn sì wọnú, ó tún jókòó síbẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tí ẹ̀kọ kù sí nílùú wa ni Ilé Aláìní tí ìjọba kọ́ sórí òkè lẹ́yìn ọjà. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ọsibítù ni wọ́n fi ṣe báyìí. Òfin ẹnu ọ̀nà rẹ̀ le. Bí èèyàn bá ń dáko lórí ilẹ̀ tó ju ìdámẹ́rin éékà lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ nínú ẹ̀kọ náà, àfi tó bá kọ́kọ́ dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀. Ẹni tó kọ òfin yẹn ò jẹ koríko rí láyé rẹ̀. Feilim, ọkọ Onóra, ní éékà mẹ́rin tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń ro. Ó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá yọwọ́ níbẹ̀, àwọn èèyàn onílẹ̀ á fi ọ̀pá irin wó òrùlé òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní òun á kúkú kú sórí ilẹ̀ òun. Onóra náà ò fẹ́ kó yọwọ́. Ṣùgbọ́n Nápla, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹyọ kan tó ṣẹ́kù nínú mẹ́rin tí wọ́n bí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú bí ọmọ ọ̀bọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí irun yẹn ń sọ: ebi ti fẹ́ pa ọmọ náà.

Ilé Aláìní máa ń gba ọmọ tí kò lẹ́nì kan. Ibẹ̀ ni Onóra ti rí ọ̀nà. Ohun tó ń já a láyà ni alábòójútó ilé náà, Ìyáàfin Prunty. Wọ́n ní á na búrẹ́dì sí ọmọ, á ní kó pe ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ Mánus aládùúgbò wọn gba búrẹ́dì yẹn, àwọn méjèèjì sì nàka sí ìyá wọn níta. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé wọn jáde tìyátọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi rí wọn nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, koríko lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí tí Onóra fi le mọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni í gbé ilé tí a kọ́ tà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Á jókòó tì í nídìí ààrò, á ní, òun ni ìyá rẹ̀, kó pe òun. Bí Nápla bá ní “Màámi,” á gbá a létí. Á mú ègé ọ̀dùnkún kan tó ti gé ibi tó jẹrà kúrò lára rẹ̀, á nà án sí i, á ní ebi ti tán, kó pe òun kó lè jẹ ẹ́. Bí ọmọ bá nawọ́, á tún gbá a létí. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ á lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Lọ́jọ́ kẹta, Nápla wò ó lójú kòrókòró, kò ṣẹ́jú. Ó ní, “Mi ò mọ̀ yín rí, mà.”

“Ó káre, ọmọ mi. Bí mo bá ń sunkún ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀ yín rí, mà.”

“Bí mo bá ní ó ti tán, pé ká máa lọ sílé ńkọ́?”

“Ẹ̀ ń tàn mí ni.”

Onóra fún un ní ègé ọ̀dùnkún náà jẹ, ó sì gbé e pọ̀n lọ sí ìlú. Nígbà tí wọ́n dé afárá ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní kó máa rìn lẹ́yìn òun bí ọmọ ọlọ́mọ. Ó sọ fún Ìyáàfin Prunty pé ẹ̀bá afárá lòún ti rí i, pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Obìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé ńlá iwájú rẹ̀, ó na búrẹ́dì sí ọmọ náà, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Nápla ò mú un. Nígbà tí wọ́n ń mú un wọlé, kò bojú wẹ̀yìn. Orí Onóra wú, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ó ṣe la òtútù ọdún yẹn kọjá. Ewé èsìsì ló ń sè. Feilim lọ ń fọ́ òkúta ojú ọ̀nà fún ìjọba, ibà ibẹ̀ ló sì pa á. Kó tó kú, ó ti mú ìwọ̀nba irúgbìn ọ̀dùnkún tó fi pamọ́ sínú koríko òrùlé, ó sì gbìn ín sóko. Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, Onóra fi ọwọ́ gbẹ́ ebè àkọ́kọ́. Ọ̀dùnkún náà jáde, funfun báláú, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Kò tilẹ̀ fẹnu kàn án. Ó se mẹ́ta, ó dì wọ́n sínú ìborùn rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà òkè pọ̀n.

Ká má purọ́ mọ́ Ìyáàfin Prunty, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ síta: Nápla Afárá, ẹni tó mú un wá kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀dùnkún ti jáde, obìnrin mẹ́ta ló ti wá fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ lọ ṣe ìránṣẹ́ oko. Onóra jẹ́wọ́ pé òun purọ́ lọ́jọ́ yẹn ni.

“Nígbà yẹn lo ń purọ́ ni, àbí ìsinsìnyí?” Obìnrin náà pa ìwé dé. “Ká pe ọmọ fúnra ẹ̀. Tó bá pè ọ́ níyàá, máa mú un lọ.”

Onóra fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣé ìyẹn nìkan?

Wọ́n mú Nápla wá. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, irun ojú yẹn sì ti lọ. Onóra kúnlẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó mú èyí tó tóbi jù nínú ọ̀dùnkún náà, ó nà án sí i.

“Nápla, ó ti tán. Pè mí ká máa lọ sílé.”

Ọmọ náà wo ọ̀dùnkún, ó dá itọ́ mì. Ó wá fi ọwọ́ bo etí rẹ̀, ibi tí wọ́n máa ń gbá, ó sì fẹ̀yìn rìn díẹ̀. “Mi ò mọ̀ yín rí, mà.”

Ayé dojú rú mọ́ Onóra lọ́wọ́. Ó fi Ọlọ́run búra. Ó ní Feilim ti kú, pé ọ̀dùnkún ti jáde, pé òun ò ní gbá a létí mọ́ láyé. Ó sunkún, ó fi orí balẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nídìí ààrò, torí kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ẹ̀ tí kò tíì fi dán ọmọ náà wò. Ọwọ́ Nápla ò kúrò létí.

“Ó tó,” ni Ìyáàfin Prunty wí. “O ti ń dẹ́rù ba ọmọ.”

Wọ́n mú un padà. Ìyáàfin Prunty ti kọjú sí àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kígbe pe ẹni tó kàn. Onóra nìkan ló gbọ́ ohùn kékeré lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń yọ̀ fún ọmọ mìíràn:

“Màámi tún dán mi wò. Wọn ò rí mi mú. Inú wọn á dùn sí mi gan-an.”

Onóra lu ilẹ̀kùn náà títí wọ́n fi wọ́ ọ kúrò nídìí rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kò lọ sílé. Ó tò sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ wọlé. Nígbà tó kàn án, Ìyáàfin Prunty wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì ṣí ìwé.

“Ilẹ̀ ńkọ́?”

“Mo ti yọwọ́ níbẹ̀,” Onóra wí. Ebè kan péré ló tíì gbẹ́ nínú éékà mẹ́rin náà.

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ọ̀kan. Ẹ̀ ń bọ́ ọ níbí.”

Ìyáàfin Prunty fa ìgò yíǹkì sún mọ́ra. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lọ́mọ. Wọ́n gba ọ̀dùnkún mẹ́ta náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì mú un gba ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin wọlé. Ọgbà àwọn ọmọdé wà lódì kejì, ògiri ńlá ló sì là á láàárín.