Àwọn Tó Tọ́ka sí Iṣẹ́ Mi

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń sọ olùkọ́ yunifásítì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìbéèrè kan lójú ewé kẹrin: "Àwọn wo ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ ti ṣe láǹfààní?" Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé irínwó ó lé méjìlá. Iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ mi ti tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn nìyẹn. Àràárọ̀ ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọ ẹnu.

Ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà kò le. Àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ máa fi oògùn ara ríro kún un lójoojúmọ́, àpapọ̀ wọn lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Gbólóhùn kan péré. Èmi pín in sí ìwé mẹ́fà, torí mẹ́fà ju ọ̀kan lọ lójú ìgbìmọ̀.

Káfíńtà ni bàbá mi. Wọn ò gbọ́ èdè tí mo fi ń kọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n kan àpótí kan fún ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbàkigbà tí tuntun bá dé ọwọ́ wọn, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù.

"Ìyá mi, kí lo wí nínú eléyìí?"

"Ó gùn, Bàbá. Tí mo bá wálé."

N ò wálé. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo ń lé kiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹsẹ̀ Bàbá wú, tí ìtọ̀ ò sì wá mọ́, ni mo bá sáré wálé lọ bá wọn nílé ìwòsàn. Dókítà wọ́ọ̀dù kò fi ọ̀kan pe méjì: kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ó fi ike oògùn méjì hàn mí, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ti ara ríro tí Bàbá ń dá rà fún orúnkún wọn láti ọdún mẹ́rin.

"Wọ́n ti kọ̀wé nípa eléyìí, mà," ó wí. Ó sì dárúkọ mi, kò mọ̀ pé èmi ni.

Mo bi àbúrò mi, tó kó àwọn ike náà wá láti ilé, pé níbo ló ti rí oògùn náà.

"Inú àpótí ìwé yín. Orí ìwé yín ni Bàbá ń kó o lé."

Ìtìjú yìí kò ní tán lára mi láéláé. Mo jókòó ti Bàbá títí wọ́n fi lajú.

"Ìyá mi, o ti wálé. Kí lo wí nínú ìwé yẹn?"

Mo sọ ọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"Èèyàn mélòó ló ti gbọ́ ọ?"

"Irínwó ó lé méjìlá, Bàbá."

"Wọ́n mà pọ̀ o. Ṣé wọ́n ka èmi náà mọ́ ọn?"

"Wọ́n kà yín mọ́ ọn," mo parọ́.

Bàbá di ọwọ́ mi mú. "O káre, ọmọ mi."