Orin Tó Dágbére Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbé àga yín síwájú, mi ò ní gé yín jẹ. Ẹni tó ń pa ẹ̀pà, kó dá èèpo dúró ná. Ẹni tó ní fóònù, kó pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, etí méjèèjì ló ń fẹ́. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan gbọ́ ọ, á ní mo parọ́ mọ́ ìyàwó mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ta ló jẹ́ parọ́ mọ́ obìnrin tó ń rí eegun inú ẹ̀?

Mi ò ṣàwàdà o. Ilé ìwòsàn ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbólóhùn mẹ́ta ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀: ẹ mí sínú, ẹ má mí, ó yá, ẹ mí. Ọdún kẹtàlá rèé. Ó ti wá mọ́ ọn lára débi pé, tí èmi àti ẹ̀ bá ń jà, òun ló máa ń sọ fún mi ìgbà tí mo lè mí.

Èmi, onígbàjámọ̀ ni mí. Orí àwọn èèyàn ni mò ń rí, òun ń rí eegun wọn, kò sẹ́ni tó lè fi nǹkan pamọ́ fún wa ládùúgbò. Ìbejì la kọ́kọ́ bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè wá ní Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì. Orúkọ táwọn òbí wa sọ wá ti dógùn-ún síbi tó wà.

Lọ́jọ́ kan ló gbé dùùrù oníná kan wọlé, tí àbúrò ẹ̀ ti pa tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé àwọn ọmọ ló gbé e wá fún. Ẹ ò ní gbà gbọ́, òun fúnra ẹ̀ ló jókòó tì í. Kò kọ orin ẹlòmíì o. Ó ń ṣe tiẹ̀. Orin tí ò ní ọ̀rọ̀ kankan, dùùrù àti fèrè lásán, ó sì sọ ọ́ ní "Ẹ Má Mí." Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á yíjú sí mi, á ní báwo ni. Mo máa ń dáhùn pé ó dùn. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi sọ pé ó dùn. Tó bá jẹ́ oyún ni, à bá ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹgbẹ́ kan wà nígbà yẹn, àwọn èèyàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, àmọ́ tí wọ́n ń hun orin nílé. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ yìí fúnra ẹ̀ ló máa ń fọn fèrè fún wọn. Tíṣà ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tó o bá fẹ́ mọ ibi tí orin ẹ̀ dé, o máa bọ́ bàtà kó o fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kún tọwọ́. Olórí wọn ni wọ́n ń pè ní Bàbá Etí. Ogójì ọdún ló fi tún dùùrù ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí lè dúró lójú títì kó sọ fún ẹ pé okùn kan ti dẹ̀ nínú dùùrù tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta.

Ẹ wá gbọ́ òfin wọn. Tí wọ́n bá tẹ orin ẹ tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ó dùn. Wọ́n gbé aago ńlá kan kọ́ sára ògiri. Kálukú á gba bébà pélébé, á kọ ìṣẹ́jú tí etí ẹ̀ dìde, á kọ ìṣẹ́jú tí etí ẹ̀ sùn lọ, kò ní kọ orúkọ. Ìwọ tó o ni orin, orí àga ẹ̀bá fèrèsé lo máa jókòó sí, ìwọ fúnra ẹ lo máa ka gbogbo ẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo lè fi dáhùn: mo gbọ́. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, Bàbá Etí á bi ẹ́ bóyá wàá máa bá orin náà kiri ilé onílé, kó o máa ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà lá wá béèrè ta ló fẹ́ tún un gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí gbogbo ọwọ́ bá lọ sókè, orin yege. Tí ọwọ́ kan ṣoṣo bá wà nílẹ̀, máa gbé e lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n máa gbọ́ orin kan.

Lọ́dún yẹn, ilé ìwòsàn ìyàwó mi fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun. Wọ́n ti gba eléré márùn-ún, àwọn tó mọ̀ ọ́n lámọ̀já, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ fún àwọn ní orin kan tó yege. Ìyàwó mi gbé tiẹ̀ lọ.

Nígbà àkọ́kọ́, bébà márùn-ún nínú mẹ́fà ló sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ le jù, ó dà bí àlejò tó ń fi ìkúùkù kanlẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀. Ó lọ tún un ṣe. Nígbà kejì, oníkọ́kọ́rọ́ fọn ọ́n dé àárín, ojú ẹ̀ pọ́n, ó gbé fèrè sílẹ̀, ó di ògiri mú. Obìnrin tó ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n mí, kò fi ibì kankan sílẹ̀ tí onífèrè ti lè mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé tíṣà ìṣirò sọ iye nù. Ìyàwó mi ní òun gbọ́.

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó délé. Ó ní tó bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, òun á dá dùùrù padà fún àbúrò òun, òun ò sì ní fọwọ́ kan irú ẹ̀ mọ́ láyé. Mo mọ obìnrin yìí. Tó bá ti sọ pé ó parí, ó parí nìyẹn.

Nígbà kẹta, èmi ni mo ru dùùrù lọ. Mo fẹ́ lọ dúró sísàlẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ò wá, Bàbá Etí bá na bébà pélébé sí mi.

"Jókòó," ló wí. "Ìwọ náà ní etí méjì, bó o tilẹ̀ ń gé ti ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ."

Ìyàwó mi jókòó sídìí dùùrù, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tutù bí omi àmù, oníkọ́kọ́rọ́ mí níbi tó yẹ, kò sẹ́ni tó di ògiri mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa parí, nǹkan tí mo ti mọ̀ láti oṣù mẹ́sàn-án tún ṣẹlẹ̀. Orin náà dágbére. Ó dágbére dáadáa, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ló bá tún padà wá jókòó. Ó tún dágbére. Ó tún rántí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ ti sìn ín dé gèéètì, tó wá ń béèrè àlàáfíà ìyá ìyá yín.

Tí mo bá kọ òótọ́, tí ọwọ́ kan sì wà nílẹ̀ nítorí ẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti dùùrù pa. Tí mo bá kọ "ó dùn," òfin ò gbà á. Mo wo ìyàwó mi tó ti bọ́ sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ó ti ká ọwọ́ lé orúnkún bí aláìsàn tó ń dúró de èsì. Mo kọ òótọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bébà. Ṣé ẹ rí àwọn ará yòókù, wọ́n ti gbọ́ pé ó fẹ́ pa iṣẹ́ yìí tì, ojú àánú ti wọlé. Ọ̀kan kọ pé etí òun ò sùn rárá. Ọ̀kan kọ pé gbogbo ìṣẹ́jú ló dáa. Bàbá Etí rojú, ó ní àánú kì í tún dùùrù ṣe. Ó wá kan tèmi:

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá díẹ̀. Orin dágbére lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ ló dáa jù. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé."

Ó tún un kà nínú, mo rí i tí ètè ẹ̀ ń mì. Ó wá ní òun gbọ́. Bàbá Etí ní ìgbà kẹta ò tíì parí, torí wọn ò tíì na ọwọ́, kó padà sídìí dùùrù, kó tẹ̀ ẹ́, kó dúró síbi tí bébà yẹn wí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, aago ara ògiri nìkan là ń gbọ́. Kí Bàbá Etí tó béèrè, ọwọ́ ti lọ sókè, oníkọ́kọ́rọ́ gbé ọwọ́ àti fèrè. Èmi na méjèèjì, wọ́n ní kí n sọ ọ̀kan kalẹ̀, ìbò kì í ṣe ìlọ́po méjì.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo gbé dùùrù lérí, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí a fi yà sí àdúgbò wa.

"Bàbá Ìbejì, bébà tó kẹ́yìn yẹn, lẹ́búlẹ́bú ìfárí wà lára ẹ̀."

Mo ní bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.

"Oṣù mẹ́sàn-án lẹ fi sọ fún mi pé ó dùn."

"Ó dùn lóòótọ́."

"Níbo?"

Mo dúró. Ẹrù wà lórí mi, ọ̀rùn ń dùn mí, àmọ́ mo mọ̀ pé tí mi ò bá dáhùn ìbéèrè yìí, mi ò tún ní dáhùn òmíràn nínú ilé yẹn.

"Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀," mo ní. "Ibi tí ọwọ́ òsì ẹ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó tibi iṣẹ́ dé, tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí ò fẹ́ jí àwọn ọmọ. Tó o bá ti débẹ̀, mo máa ń dá abẹ tí mò ń pọ́n dúró."

Ó di apá kan dùùrù náà mú, a jọ gbé e délé.

Ṣé ẹ rí láti ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi ò gbà mí mọ́. Gbogbo orí tó bọ́ sábẹ́ ọwọ́ mi ló gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ló hun orin, èmi ni mo fi ìparí sí i. Ọkùnrin kan wá fá irùngbọ̀n, ó gbé ààbọ̀ ẹ̀ lọ torí pé ìtàn ń dùn, mo gbàgbé ààbọ̀ yòókù. Mo fẹ́ bá ìyàwó mi lọ síbi tóun àtàwọn eléré ti ń fi orin náà dánra wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n jókòó sílé, mo ti sọ tèmi.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún àkúnya, dókítà, agbálẹ̀, aláìsàn tó di ẹsẹ̀ ní báńdéèjì, gbogbo wọn ló wá gbọ́ orin obìnrin tó ń ní kí wọ́n má mí. Iwájú pátápátá ni mo jókòó, àyà mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́tìnì méjì ń bẹ̀ mí. Wọ́n ní kó dìde, ó dìde, ó wo èrò láìbẹ̀rù, mo sì sọ fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi pé ìyàwó mi nìyẹn, mo sọ fún ẹni tó wà lápá òsì mi pé kó máa wò mí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ torí èmi ni mo mọ ibi tó parí sí. Àwọn eléré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọjá ibi bàtà, omijé lé ròrò sójú mi. Wọ́n dé ìṣẹ́jú mẹ́rin, orin dágbére, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè.

Onífèrè mí sínú, orin bá padà wá jókòó, ó dágbére lẹ́ẹ̀mẹta gbáko bí ìyàwó mi ṣe kọ́kọ́ hun ún, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde fún un.