Àwòrán Kẹfà Lójú Ìwé Kẹta

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀, èsì àwọn aráàlú sí ọ̀rọ̀ Ààrẹ ti pé pérépéré sójú ìwé kẹta. Ààrẹ fúnra rẹ̀ kò tíì la ẹnu. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ní yóò bá àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ayé sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, tẹlifíṣọ̀n yóò sì gbé e sáfẹ́fẹ́ kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn, aago méjìlá ààbọ̀ ni mọ́tò àkọ́kọ́ ń kó o jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn. Aráàlú á kọ́kọ́ yọ̀, Ààrẹ á wá sọ ohun tí wọ́n yọ̀ sí.

Olóòtú ló ń kọ ohun tí àwọn aráàlú sọ. Kò sí ẹni tó mọ ẹnu aráàlú tó o, aráàlú gan-an kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Á jókòó ti kọ́fí rẹ̀, á fi ẹnu aránbàtà sọ̀rọ̀, á fi ẹnu tíṣà sọ̀rọ̀, á fi ẹnu ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á sì máa dún bí olóòtú. Ojú tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́ atòwé, obìnrin tó ń to ojú ìwé. Dúrọ́ọ̀ onírin kan wà lẹ́yìn àga rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àpótí ojú. Àwòrán àwọn èèyàn tí akọ̀ròyìn ti bá pàdé lójú pópó láti bí ọdún mẹ́wàá ló kún inú rẹ̀: ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa òjò, ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, ẹni tó kàn ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, kí ẹjọ́ má baà wà. Bí wọ́n bá ti lo ojú kan, atòwé á kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀, ojú náà kò sì gbọdọ̀ jáde mọ́ títí ọdún á fi yí po.

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń to ìwé. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ti mọ́ ọn lára ni, bí òórùn ilé ìgbẹ́ ṣe ń mọ́ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti to ojú mẹ́fà tán nígbà tí olóòtú yọjú wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Aránbàtà yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló yọ̀ lóṣù tó kọjá nípa afárá?"

"Ẹ má bínú sà, mi ò wo ẹ̀yìn ẹ̀."

"Yọ ọ́, wá àgbàlagbà míì. Ojú tó ní làákàyè. Kó o sì yára, atẹ̀wé ti ń pariwo."

Ó ti ọwọ́ bọ àpótí ojú. Gbogbo àgbàlagbà inú rẹ̀ ni déètì wà lẹ́yìn wọn, àfi ọ̀kan. Ó mọ àwòrán náà kó tó yí i padà. Bàbá rẹ̀ ni. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn ṣe, akọ̀ròyìn ya bàbá náà níbi tó ti dúró ti bókéètì rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omi ń ṣàn yàà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá fẹ́ràn fọ́tò yẹn bí ẹní máa kú. Ẹ̀dà kan wà nínú férémù ní pálọ̀ wọn, ẹ̀dà kejì ni atòwé fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá síbi iṣẹ́ nígbà tí ojú àgbàlagbà wọ́n. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń tì í sí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ó gbé e sórí tábìlì. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé Ààrẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àlàáfíà àgbáyé, lórí ìjà àwọn orílẹ̀-èdè ńlá méjì tí wọ́n ń fa ayé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àlàáfíà àgbáyé! Ta ló ń bá àlàáfíà jà? Kí ló máa ṣe bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bá ní ó fẹ́ àlàáfíà? Ó gé bókéètì kúrò, ó ku ojú àti ẹ̀rín. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ tí olóòtú ti kọ sílẹ̀ fún aránbàtà: "Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni Ààrẹ sọ yẹn." Atẹ̀wé wá gbé e lọ.

Ní aago méjìlá, wọ́n kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n: olóòtú, àwọn akọ̀ròyìn méjì, atòwé, àti ìyá agbálẹ̀ tó fara ti igi ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ààrẹ yọ nínú kóòtù dúdú. Odidi ogún ìṣẹ́jú ló fi yin ara rẹ̀. Ó ní òun lòun sọ fún àwọn olórí ayé pé kí wọ́n jókòó, wọ́n sì jókòó. Ó ní tí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ òun, ogun ìbá ti jó gbogbo ayé ráúráú. Kámẹ́rà ṣèèṣì yíjú sí gbọ̀ngàn: àga tó ṣófo pọ̀ ju àga tó léèyàn lọ, ọkùnrin kan níwájú sì ń sùn fọnfọn. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lẹ́yìn náà, Ààrẹ gbé ojú kúrò lórí ìwé tí wọ́n kọ fún un, ó yíjú sí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè kan.

"Ẹ ń yọ mí lẹ́nu nípa àwọn èèyàn wa tó ń gbé lọ́dọ̀ yín," ó ní. "Ẹ ní wọ́n ti pọ̀ jù, ẹ ní kí n wá kó wọn. Kí n wá kó kí ni? Ìdọ̀tí tá a ti gbá síta ni wọ́n. Mi ò fẹ́ wọn. Ẹ ṣe wọ́n bó bá ṣe wù yín."

Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló burú jù níbẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó jẹun yó tó ń gùfẹ̀ síwájú ẹni tébi ń pa.

Atòwé dìde dúró. Orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ dojú ọ̀rọ̀ kọ yìí ni àbúrò rẹ̀ wà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá wọn bí. Ọdún karùn-ún rẹ̀ rèé tó ń jó irin níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ìwé àṣẹ tó fi ń gbé níbẹ̀ sì máa parí lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ṣe wọ́n bó bá ṣe wù yín. Ìgbà yẹn ló tó rántí ojú ìwé kẹta. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni Ààrẹ sọ yẹn.

Ìyá agbálẹ̀ ni kò dákẹ́. Ó tutọ́ sórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀," ó ní. "Àwọn arúgbó wọn ló ń wẹ̀, tó ń wọ láṣọ. Òun wá ni ìdọ̀tí?" Ó na ìka sí itọ́ náà. "Ẹ nù ún fúnra yín." Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ariwo ń bọ̀ láti ìta. Níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní òdìkejì títì, èrò ti pọ̀, wọ́n ń hó lé Ààrẹ lórí nínú gbogbo tẹlifíṣọ̀n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà lójú wíńdò. Ẹnì kan ju bàtà. Onítẹlifíṣọ̀n sáré fa ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ wálẹ̀, òun náà ń ṣépè.

Olóòtú pa tẹlifíṣọ̀n tiwọn. "Ó dáa bá a ṣe ti ṣe tiwa sílẹ̀," ó ní. "Tá a bá lọ bi wọ́n ní títì báyìí, kí la fẹ́ gbọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dá ojú ìwé kẹta dúró."

"Ká wá fi kí ni dí i?"

"Àwòrán kẹfà nìkan sà. Bàbá mi ni."

Olóòtú ki bísíkíìtì bọ kọ́fí, ó jẹ ẹ́. Èérún rẹ̀ so mọ́ ètè rẹ̀. "Ta ló gbé bàbá ẹ síbẹ̀?"

Atòwé yíjú sí àpótí ojú.

"Orúkọ ò sí níbẹ̀," olóòtú ní. "Àgbàlagbà kan ṣáà ni. Ta ló máa dá a mọ̀?" Ó fi ahọ́n lá èérún náà. Atòwé gbójú kúrò lára rẹ̀, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn, ó sáré lọ bá atẹ̀wé nísàlẹ̀.

Atẹ̀wé gbọ́ ọ dópin, ó pòṣé. "Ẹ pẹ́ dé, Àǹtí. Mo lè ha ojú Bàbá kúrò lára páànù ìtẹ̀wé kí ibẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n ìdajì ti jáde. Mọ́tò àkọ́kọ́ ti gbéra."

"Níbo ló gbà?"

"Ẹ̀yìn rélùwéè náà ni. Ṣebí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ."

Ẹ̀yìn rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Atẹ̀wé ṣe ohun tó sọ, ó ha ojú náà kúrò. Ìyókù ìlú wá ra ìwé ìròyìn tí ihò funfun kan ti ń sọ pé ohun tó wà lọ́kàn òun gan-an ni Ààrẹ sọ.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e relé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ìyálọ́mọ kan tí ọmọ rẹ̀ ṣu sára já ojú ìwé iwájú, níbi tí Ààrẹ ti ń na ìka sókè, ó fi nu ìdí ọmọ náà mọ́ tónítóní. Bọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan na tirẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn pé kó gbà kún un. Atòwé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀.

Ìyá aránṣọ tó bá bàbá rẹ̀ pín ògiri wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni ọmọ tirẹ̀ àti àbúrò atòwé jọ rìnrìn àjò.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Obìnrin náà tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan. Nígbà tó yá, ó ní, "Lọ kí bàbá ẹ. Òun ni inú ẹ̀ ń dùn pé ọmọ mi di ìdọ̀tí."

Bàbá nìkan ló jókòó síwájú ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún un. Ìwé ìròyìn wà lórí orúnkún rẹ̀.

"O ti dé? Jókòó." Ohùn rẹ̀ ṣe pẹ̀lẹ́. "Oníranù kan níbi iṣẹ́ yín gbé ojú mi lọ síbi tí kò yẹ. Mo sọ fún wọn níbí pé kí wọ́n ní sùúrù, mo ní ọmọ mi wà níbẹ̀, ó máa bá mi wá ẹni náà jáde. Wọn ò dúró gbọ́."

Atòwé jókòó tì í. Kó tó sọ nǹkan, fóònù bàbá dún. Àbúrò ni. Bàbá tẹ fóònù kó lè dún síta, torí etí rẹ̀ ti ń wúwo.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Bàbá mi." Irin ń dún gbàgà gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹnì kan fi ìwé ìròyìn kan ránṣẹ́ sí wa. Gbogbo àwa tá a wà níbí la ti rí i. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó jọ yín ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin kọ́, àbí?"

Bàbá na fóònù sí atòwé. "Ẹ̀gbọ́n ẹ rèé. Òun ló mọ iṣẹ́ wọn, ó máa là á yé ẹ."

Irọ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ jàra. Ó lè ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Ó lè ní olóòtú ni, gbogbo ayé á sì gbà á gbọ́. Ó gba fóònù.

"Èmi ni," ó ní. "Bàbá ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo mú fọ́tò wọn, mo lẹ̀ ẹ́. Ààrẹ ò tíì sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Tí mo bá mọ ohun tó fẹ́ sọ ni..."

Irin dún títí lẹ́yìn àbúrò rẹ̀.

"Tí ẹ bá mọ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" ó ní. "Ṣebí bàbá ẹlòmíì lẹ máa lẹ̀ síbẹ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Bàbá kò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn tó bá bínú. Ó dìde, ó wọ pálọ̀, atòwé gbọ́ bó ṣe ń wọ́ àga nílẹ̀. Nígbà tó jáde, férémù wà lọ́wọ́ rẹ̀: òun, bókéètì, omi tó ń ṣàn. Ó fi apá ẹ̀wù nu eruku ojú gíláàsì rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Mú un dání lọ síbi iṣẹ́," ó ní. "Ààrẹ ṣì máa sọ̀rọ̀ lọ́la. Ẹ máa nílò ojú."

Ó wọlé padà, ó sì ti ilẹ̀kùn.