Kọ́mú Tí Mọ́mì Yá Wọ̀

Dókítà obìnrin kan ti sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n wọ kọ́mú tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ wá. Abẹ́ awọ àyà wọn ló fẹ́ fi ike kékeré tí oògùn á máa gbà wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀ sí, kò sì fẹ́ kí okùn kọ́mú máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára fún odindi ọdún tí ìtọ́jú máa gbà.

Lọ́jọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi bírò sàmì síbi tí okùn ò dé. Mo wo kọ́mú náà, mo wo Mọ́mì. Kọ́mú àǹtí mi ni.

"Dókítà, àyálò ni. Tiwọn gangan wà nílé."

"Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn," Mọ́mì ní. "Àwàdà ló fi ń jẹun."

Ẹ wo ayé mi. Ọjọ́ tí mo sọ òótọ́ ló di àwàdà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí ike yẹn máa gún yín títí ọdún á fi parí ni? Tiyín tó ní píìnì méjì, tí ẹ fi okùn bàtà mi so ńkọ́?"

Dókítà nu àmì rẹ̀ kúrò, ó ní kí n lọ mú un wá. Nígbà tí mo dé, tí Mọ́mì wọ̀ ọ́, okùn bàtà mi gba orí ibi tó kọ́kọ́ sàmì sí gan-an. Dókítà sàmì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bí ìka méjì síra.

"O ti tú mi láṣìírí," Mọ́mì ní, wọn ò wojú mi.

"Mà, tèmi náà ní píìnì," dókítà ní.

Mọ́mì ní kó kọ́kọ́ fi píìnì náà han àwọn kó tó mú abẹ.