Àáró Àwọn Obìnrin Ọ̀nà Kuta

Ikọ́ ni Kafilat fi ń mọ̀ pé ọkọ òun ti ti oko dé. Kí ọ̀kadà tó gbé e wálé tó dúró, ikọ́ á ti ṣáájú rẹ̀ wọ àgbàlá.

Àlàní kì í ṣe ọ̀lẹ o. Oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Kuta, gbogbo Ìwó ló sì mọ iṣu rẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti rí i pé iṣẹ́ tí ọkọ́ ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, oògùn apakoríko ń parí rẹ̀ láàárọ̀ kan, kò wo ojú ọkọ́ mọ́. Á pọn ike oògùn sẹ́yìn bí ìyá ìkókó, kò ní bo imú, kò ní bo ẹnu, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ oògùn náà padà sí i lójú.

Nígbà tí ikọ́ náà le, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní, "Bàbá, oògùn tí ẹ ń fín yìí náà lẹ ń fà símú. Bí ẹ ò bá jáwọ́, èémí yín á máa dínkù ni."

Kafilat béèrè pé, "Dókítà, iṣu tí a ò fín oògùn sí, ṣé ó ṣara lóore ju èyí tí a fín lọ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ti ẹni tó ń jẹ ẹ́, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ti ẹni tó ń fín in, kò sí iyàn níbẹ̀."

Bí wọ́n ti délé ni Kafilat kúnlẹ̀. "Bàbá Aqeelah, ẹ jẹ́ ká fi oògùn sílẹ̀ lọ́dún yìí."

"Ta ni yóò wá ro ó? Àwọn ọmọ tó ń gun ọ̀kadà kiri?"

"Èmi ni."

Àlàní rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ìwọ, obìnrin, nínú oko iṣu? Wọ́n á ní mo ti sọ ìyàwó mi di alágbàṣe." Nígbà tó rí i pé kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. Bí oṣù yìí bá parí tí koríko ṣì wà lórí ebè, màá fín in."

Òótọ́ ni Àlàní sọ. Láyé ijọ́un, ọkùnrin ló ń ro oko. Tobìnrin ni ìkórè, ilá àti ẹ̀fọ́. Àwọn ọkùnrin náà ló ń ṣe àáró: wọ́n á ro tèmi lónìí, wọ́n á ro tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Oògùn ló pa àáró, nítorí ẹni tó pọn ike sẹ́yìn kò wá ẹnì kejì mọ́. Kafilat wá rò ó pé ohun tí ọkùnrin bá ti jù nù, kò sí òfin tó ní kí obìnrin má ṣà á.

Ó tọ Zakiyyah tó ń gbin ata lọ́nà Ilé-Ogbó lọ. Ó tọ Màmá Àtọ́kẹ́ náà lọ, opó tí koríko ti bo oko rẹ̀. Màmá Àtọ́kẹ́ pàtẹ́wọ́. "Kafila! Ìgbà tí mo di ọkọ́ mú gbẹ̀yìn, eyín mi ṣì pé! Ṣùgbọ́n àáró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu o. Ẹni tó bá dá a sílẹ̀ ló ń gba tirẹ̀ kẹ́yìn."

"Mo gbà, mà."

Wọ́n di obìnrin mélòó kan. Kafilat ro oko olóko títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò. Bó bá ń kọjá, àwọn kan á kígbe pé, "Alágbàṣe obìnrin, ẹ kú iṣẹ́ o!" Òun náà á dáhùn pé, "A dúpẹ́ o! Ọkọ́ kan ṣẹ́kù, ta ni yóò bá wa mú un?"

Ó wá ku ti Kafilat. Ọjọ́ tí oṣù parí lọjọ́ náà bọ́ sí, òjò alágbára sì ti rọ̀. Kafilat dé oko láàárọ̀, kò rí ẹnì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóun nìkan. Kò pẹ́ tí Àlàní fi dé, ó po oògùn, ó pọn ike.

"Ìyá Aqeelah, o ti gbìyànjú. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí oògùn má baà bà ọ́."

Kafilat kò gbójú sókè. "Ẹ fín in mọ́ èmi náà. Ohun tó ń wọ yín láyà, ẹ jẹ́ kó wọ tèmi."

"Kafila, má ṣe mí báyìí."

Ó kàn ń ro ebè rẹ̀ lọ ni. Àlàní na ọ̀pá oògùn síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Kò lè fín in.

Ibi tó dúró sí náà ni àwọn obìnrin àáró bá a, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn. Omi ti bo afárá, wọ́n ní láti yí gba ẹ̀yìn odò wá.

"Àlàní!" Màmá Àtọ́kẹ́ ló ké. "Ṣé koríko ni ìyàwó ẹ ni, tí o fẹ́ fi oògùn pa á?"

Àlàní dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ike lẹ́yìn, oògùn dà sí i lọ́rùn. Ẹ̀rín sọ. Zakiyyah ló bá a tú ike náà sílẹ̀, tó bu omi fún un kó fi ṣan ọrùn.

Nígbà tí oòrùn yóò fi rọ̀, kò sí koríko lórí ebè kankan. Màmá Àtọ́kẹ́ gbá ọwọ́ Kafilat mú, ó wò ó, ó mi orí. "Ọwọ́ yìí ti bó. Àáró á sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, oko Zakiyyah ni. Ta ni yóò rọ́pò ẹ?"

Àlàní ti ń wo ọwọ́ náà tipẹ́. "Màmá, ẹ fi mí sí i."

"Ọkùnrin, nínú àáró obìnrin?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ẹ ṣáà má fi mí síwájú. Èémí mi ò tíì tó ti yín."